Kámẹ́rà Òru: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Kámẹ́rà Fídíò fún Ibi Tí Iná Kò Tó

Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ó dífá fún "ìwọ ta nìyẹn?" Níbi àìsùn òkú ìyá àgbà kan ní Ìbàdàn ni mo ti rí i pé kámẹ́rà náà kì í mẹni ọ̀wọ̀ lókùnkùn. Ọdún yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbaṣẹ́ fúnra mi. Wọ́n ti ta kánópì sí àgbàlá, olórin ti ń tún máìkì ṣe, bí wọ́n ṣe ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán ni NEPA mú iná lọ. Wọ́n fa jẹnẹrétọ̀ títí, kò jẹ́. Àtùpà oníbátìrì méjì ni wọ́n gbé ka orí tábìlì níwájú olórin, ni àìsùn bá ń lọ. Èmi náà ń yà á lọ. Nínú gíláàsì kékeré tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, gbogbo rẹ̀ dà bí èyí tó dáa.

Ọjọ́ kejì ni ọmọ olóòkú wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà mi. Ó sún mọ́ ọn, ó nàka sí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú fídíò, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé èèrà ló ń rìn lójú ẹ̀gbọ́n mi yìí ni?"

Noise ni àwọn olóyìnbó ń pè é, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó máa ń rìn lójú àwòrán ibi tí iná ò tó. Látọjọ́ náà, èèrà lèmi ń pè é, èèrà náà ni màá sì máa pè é níbí. Ohun tó bí i kì í ṣe pé kámẹ́rà mi burú. Mo ti ra kámẹ́rà kí n tó mọ irú òkùnkùn tí mo máa gbé e wọ̀ ni, gbogbo owó ọwọ́ mi sì ti bá kámẹ́rà lọ, lẹ́ǹsì tó bá a wá nínú páálí ni mo gbé lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá máa tún un rà lónìí, òkùnkùn ni màá kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà lẹ́ǹsì, kámẹ́rà gan-an ló máa kẹ́yìn. Bí màá ṣe to àlàyé yìí náà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọn òkùnkùn yín

Òkùnkùn ju òkùnkùn lọ. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tan àbẹ́là kan ṣoṣo, tí ẹ wá jókòó sí mítà 1 sí i, ìmọ́lẹ̀ tó ń bá ojú yín jẹ́ nǹkan bíi lux 1. Òṣùpá tó kún rọ́gbọ́dọ́ kì í tó ìdajì ìyẹn. Yàrá àlejò tí wọ́n tan gílóòbù sí lálẹ́ máa ń wà láàárín 50 sí 150, ọ́fíìsì láàárín 300 sí 500, oòrùn ọ̀sán gangan sì lè tó 100,000. Ojú èèyàn kì í jẹ́ ká mọ bí ìyàtọ̀ yìí ṣe pọ̀ tó, torí ó máa ń mọ́ òkùnkùn lára. Ẹ wọ gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn, kó tó pẹ́ ẹ ti ń rí ẹran inú àwo yín. Kámẹ́rà ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ra nǹkan kan títí ẹ ó fi ṣe èyí. Ẹ yá kámẹ́rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kámẹ́rà yòówù kó jẹ́, kí ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ ti máa ń ṣiṣẹ́, ní aago tí ẹ máa ń ṣe é. Ẹ fi í sí manual, kó má bàa máa dá ìpinnu ṣe. Ẹ fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi ojú lẹ́ǹsì, ìhò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, sí f/4 (màá ṣàlàyé f yìí ní ìgbésẹ̀ kejì). Ẹ ní kí ẹnì kan dúró síbi tí ìyàwó tàbí olórin máa ń dúró sí. Kí ẹ wá máa gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tí kámẹ́rà fi ń mú kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ hàn bíi púpọ̀, sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹni náà á fi hàn bó ṣe yẹ. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú fóònù yín. Bí ISO bá tán kí ojú tó hàn, ẹ kọ ìyẹn náà.

Nọ́ńbà yẹn ló máa bá yín lọ sọ́jà. Bí kò bá kọjá 3200, ẹ fọkàn balẹ̀, kámẹ́rà òde òní tó pọ̀ jù lọ ló máa ṣe é. Láti 6400 sí 12800, lẹ́ǹsì ló máa yọ yín. Bó bá ti kọjá 25600, ẹ máa nílò lẹ́ǹsì tó la ojú dáadáa pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà) tó fẹ̀, tàbí kí ẹ gbé iná tiyín dání, ìyẹn sì lè dín owó kù jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ rò pé ó ṣòro kọ́ ló máa ń ṣòro. Ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í yọ mí lẹ́nu, torí iná gbọọrọ gbọọrọ ti kún òkè àjà, ó sì mọ́lẹ̀ kan náà láti orí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn ìgbéyàwó ni ẹ bẹ̀rù. Bí MC bá ti ní kí wọ́n pa iná kí tọkọtaya jó ijó àkọ́kọ́, iná aláwọ̀ àlùkò àti èéfín nìkan ló máa kù, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìdílé méjèèjì ń retí nínú fídíò. Èyí tó le jù ni ìrìn òru lójú títì, níbi tí iná ọkọ̀ á ti kọ mànà sí kámẹ́rà, tí ojú àwọn tó ń rìn á sì dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Lẹ́ǹsì ṣáájú kámẹ́rà

Ìhò wà nínú lẹ́ǹsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ojú lẹ́ǹsì ni mò ń pè é. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ f síwájú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú, torí bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìhò náà ṣe tóbi tó. f/1.8 la ojú gan-an, f/5.6 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dijú.

Lẹ́ǹsì 18-55 inú páálí sábà máa ń jẹ́ f/3.5 sí 5.6. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ kò bá fa nǹkan mọ́ra rárá, ẹ ní f/3.5, bí ẹ bá sì fà á mọ́ra dé òpin, ó ti dijú di f/5.6 láìsọ fún yín. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba f/1.8 wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó ń gba f/5.6. Ìlọ́po mẹ́wàá! Kò sí owó tí ẹ máa fi kún ti kámẹ́rà tó máa fún yín ní irú èrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà síbi àìsùn yẹn. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Iná àtùpà méjèèjì tó ń bá ojú olórin ò lè ju lux 5 lọ. Lẹ́ǹsì mi wà ní f/4.5 torí pé mo fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Pẹ̀lú shutter 1/50, kí ojú yẹn tó lè hàn dáadáa, ó yẹ kí ISO tó nǹkan bí 51200. Ká ní lẹ́ǹsì f/1.8 ló wà lórí kámẹ́rà kan náà, nǹkan bí 8000 ni ì bá ṣe é. Alẹ́ kan náà, àtùpà kan náà, kámẹ́rà kan náà.

Èwo ni kí ẹ rà? Bí owó ò bá pọ̀, lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí Canon ṣe ní 2015, tí wọ́n kọ STM sí lára, wà káàkiri ọjà. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í fà jáde kì í fà wọlé, tó bá sì wà lórí kámẹ́rà onísẹ́ńsọ̀ APS-C (irú sẹ́ńsọ̀ kan tó kéré, ẹ máa rí i ní ìgbésẹ̀ kẹta), ṣe ló máa dà bíi 75 tàbí 80mm, ìyẹn ni pé á fa nǹkan mọ́ra jù. Nínú pálọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìdána, ẹ̀yìn yín á ti kan ògiri, orí ìyá ìyàwó nìkan ni ẹ ṣì máa rí. Fún irú ibẹ̀, 16mm tàbí 30mm f/1.4 tí Sigma ṣe fún kámẹ́rà mirrorless (èyí tí kò ní dígí nínú) ló bọ́ sí i. Ẹni tó ń lo DSLR (èyí tó ní dígí nínú) onísẹ́ńsọ̀ APS-C lè wá Sigma 18-35mm f/1.8. Láti 2013 tó ti jáde, f/1.8 ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin zoom rẹ̀, àmọ́ ó wúwo, ó ju 800 gíráàmù lọ. Ẹ ò ní gbé e dání láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìdájí kí ọwọ́ yín má gbọ̀n.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ò ti lè máa pààrọ̀ lẹ́ǹsì, ẹ ra zoom kan tó jẹ́ f/2.8 láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì fi f/1.8 kan sínú báàgì de ìgbà tí MC bá pa iná. Méjì yẹn ni mo ń lò títí dòní.

Ìkìlọ̀ kan wà. Bí lẹ́ǹsì bá ti la ojú gan-an, ibi tó ń mú ṣe kedere á kéré. Lórí sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ jù nínú àwọn tí màá dárúkọ nísàlẹ̀, 50mm f/1.8 tí ẹ fi ya ẹni tó wà ní mítà 2, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 péré ló máa ṣe kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ìyàwó bá jó síwájú ẹsẹ̀ kan, ó ti jáde kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń lo f/1.8 nígbà tí wọ́n bá ń náwó fún ìyàwó. f/2.8 ni mo máa ń fi í sí, màá gbé ISO sókè díẹ̀, kí n lè rí ojú ìyàwó àti ọwọ́ ẹni tó ń náwó pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe fẹ̀ tó

Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ gbé ife kan àti ọpọ́n ìfọṣọ kan síta fún ìwọ̀n àkókò kan náà, ẹ mọ èyí tí omi rẹ̀ máa pọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni ọpọ́n tí kámẹ́rà fi ń gbe ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. APS-C ti Sony, Nikon àti Fujifilm jẹ́ nǹkan bíi 23.5 sí 15.6, ti Canon kéré sí i díẹ̀. Micro Four Thirds, tí Panasonic fi ń ṣe ọ̀wọ́ GH, jẹ́ 17.3 sí 13. Sẹ́ńsọ̀ ínǹṣì kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà alágbèéká jẹ́ 13.2 sí 8.8. Ti ọ̀pọ̀ fóònù kéré ju gbogbo wọn lọ.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín: fóònù mi ń ya fọ́tò òru bí ọ̀sán. Ó ń yà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ni. Fóònù máa ń ya àwòrán púpọ̀ ní kíá, á wá pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ìdí nìyẹn tó fi ní kí ẹ má mira. Fídíò kò ní àyè ìyẹn, torí àwòrán 25 ló gbọ́dọ̀ jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Tí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, full frame fẹ̀ ju APS-C lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ó dáa, ó sì ṣe pàtàkì. Àmọ́ ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ǹsì. Láti f/4 sí f/1.4, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó fi gbogbo owó ra full frame pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/4, lókùnkùn, ẹ̀yìn ló máa wà sí ẹni tó ra APS-C pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/1.4. Mo ti bá àwọn èèyàn jiyàn lórí èyí títí, wọn ò gbà, torí orúkọ "full frame" dùn lẹ́nu oníbàárà. Ẹ jẹ́ kó dùn lẹ́nu wọn. Èèrà ò mọ orúkọ.

Nígbà tí owó bá tó fún lẹ́ǹsì àti full frame pọ̀, ẹ rà á, ẹ má wẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ISO tó ṣeé lò, kì í ṣe ISO ara páálí

Sony A7S tó jáde ní 2014 lè gbé ISO dé 409600. Nọ́ńbà yẹn mú kí gbogbo ayé pariwo. Kò sẹ́ni tó ń fi 409600 ṣe fídíò ìgbéyàwó. Ohun tó jẹ́ kí kámẹ́rà yẹn lórúkọ ni pé àwòrán rẹ̀ ṣì mọ́ ní ibi tí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kún fún èèrà. Megapixel 12 péré, ìyẹn mílíọ̀nù ojúàmì àwòrán 12, ló ní, ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 24 tàbí 36. Fídíò 4K ò nílò ju bíi megapixel 8 lọ, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi megapixel ta kámẹ́rà òru fún yín.

Kámẹ́rà míì wà tó ní ìpìlẹ̀ ISO méjì. Ọ̀kan wà fún ibi tó mọ́lẹ̀, ìkejì wà fún òkùnkùn, bí ẹ bá sì ti dé orí ìkejì, èèrà á kàn dín kù lójijì. Panasonic GH5S ní 400 àti 2500. Panasonic S5 ti 2020, nínú V-Log (ọ̀nà ìyàwòrán tí wọ́n ṣe fún ẹni tó máa tún àwọ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà), ní 640 àti 4000. Sony A7S III ti ọdún kan náà, nínú S-Log3 (irú ọ̀nà kan náà ti Sony), ní 640 àti 12800. Ẹ rí i dájú pé ẹ mọ nọ́ńbà ti kámẹ́rà tiyín, torí ó lè yà yín lẹ́nu pé lórí A7S III, ISO 10000 lè ní èèrà ju 12800 lọ. Ọ̀gá kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ò gbà á gbọ́ títí mo fi ya ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Sony ZV-E10 ti 2021 pẹ̀lú lẹ́ǹsì f/1.4 ń ṣe iṣẹ́ òru tó dáa. Lókè rẹ̀ díẹ̀, A7 III ti 2018, tòkunbọ̀ tó mọ́, ni mo máa ń sọ fún èèyàn. Mi ò ní kọ iye owó kankan síbí, kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náírà á ti sọ mí di òpùrọ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n máa ń fi tan èèyàn. Ìmúdúró inú kámẹ́rà, tí wọ́n ń pè ní IBIS, dáa fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ẹni tó ń ya fọ́tò lè torí rẹ̀ dín shutter kù. Ẹni tó ń ya fídíò ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí 1/50 ni shutter tiyín máa ń wà. Ohun kejì ni night shot tó ń mú àwòrán jáde ní àwọ̀ ewé. Ó dáa láti fi mọ ẹni tó ń jí ewúrẹ́ gbé. Kò dáa fún àìsùn ìyá ẹnì kankan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Shutter, NEPA àti iná tó ń ṣẹ́jú

Iná mànàmáná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50Hz, bíi ti Bìrìtìkó, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àtàlọ àtàbọ̀ ni gílóòbù àti iná gbọọrọ ń ṣẹ́jú, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ni ò rí i. Kámẹ́rà ń rí i. Bí shutter yín bá wà ní 1/50 tàbí 1/100, bí iná ṣe ń ṣẹ́jú àti bí kámẹ́rà ṣe ń ṣẹ́jú á bára mu. Bó bá wà ní 1/60, ilà dúdú á máa gòkè lójú àwòrán. Nítorí náà, fún wa níbí, àwòrán 25, shutter 1/50. Bí ẹ bá lọ ya òde àwọn ará wa ní Houston tàbí ní Salvador ní Bràsíìlì, 60Hz ni tiwọn, ẹ yí i sí 1/60.

Wàhálà tiwa ni jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá tan éèsì àti fíríìjì pọ̀ mọ́ ọn, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, 50 á sì di 48 tàbí nǹkan míì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí kámẹ́rà yín lè yí shutter díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń ra kámẹ́rà, ẹ yẹ àkójọ ètò inú rẹ̀ (menu) wò bóyá ó ní anti-flicker tí ń yí shutter ní ìwọ̀n kéékèèké, kì í ṣe láti 1/50 fò sí 1/60 nìkan.

Nígbà tí òkùnkùn bá fẹ́ pa yín, ẹ lè fi shutter sí 1/25. Ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ọwọ́ ẹni tó ń jó á máa fà lẹ́yìn bí èéfín, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ń gbàdúrà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo ti lò ó fún àdúrà púpọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ojú aláwọ̀ dúdú, léèsì funfun

Bí ẹ bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ sí auto, ìṣirò rẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú lápapọ̀. Bí ògiri LED ńlá bá wà lẹ́yìn ọkọ ìyàwó, kámẹ́rà á rò pé ibẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, á sọ ojú rẹ̀ di dúdú láìní imú. Bí gbogbo ibẹ̀ bá sì ṣókùnkùn, á fẹ́ sọ òru di ọ̀sán, á fa ISO sókè, èèrà á dé.

Kámẹ́rà tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ ní zebra, ìyẹn ilà tó máa ń hàn lórí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé ìwọ̀n tí ẹ yàn. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ nílùú òyìnbó máa ń ní kí ẹ fi ojú èèyàn sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń sọ. Fún ojú àwa aláwọ̀ dúdú, láàárín 45 sí 55 ni mo máa ń fi í sí, kí léèsì funfun má kọjá 95. Bí méjèèjì ò bá ṣeé ṣe pọ̀, ojú ni kí ẹ gbà là, léèsì á rí ara rẹ̀ gbé. Ẹ má sì ya òkùnkùn pẹ̀lú èrò pé ẹ máa tan án sókè lórí kọ̀ǹpútà. Ibi tó ṣókùnkùn ni èèrà ń gbé, bí ẹ bá ti gbé e sókè, ẹ ti jí gbogbo wọn.

Àwọ̀ náà: ẹ mú white balance, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí funfun jáde ní funfun, kúrò ní auto. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: gílóòbù pupa wà ní nǹkan bíi 2700 sí 3200, LED funfun wà ní 5600 sókè. Ẹ yan ọ̀kan, kí ẹ dúró lórí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Lójú ọjà

Ọjà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ra nǹkan, Computer Village ní Ìkẹjà ló pọ̀ jù. Ilé ìtajà máa ń tan iná bí ọjọ́ kérésì, kámẹ́rà wo ni kò ní dára níbẹ̀? Ọjọ́ tí mo ra èyí tí mò ń lò báyìí, mo ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí n gbé e wọ abẹ́ tábìlì.

Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, abẹ́ tábìlì kẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni ibi iṣẹ́ mi, àbúrò."

Mo wọlé, mo fi báàgì bo ẹ̀gbẹ́ kan, mo ya ọwọ́ ara mi. Lẹ́yìn náà mo ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Ẹ fi ìdérí dé lẹ́ǹsì, ẹ gbé ISO sí 12800, kí ẹ ya fídíò bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá wò ó, tí ẹ rí ẹ̀kán funfun, pupa tàbí aláwọ̀ ewé tó dúró sójú kan, sẹ́ńsọ̀ ti ń gbó. Èèrà máa ń rìn, ẹ̀kán yẹn kì í rìn. Ẹ ṣí lẹ́ǹsì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ẹ dá a padà, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. Ẹ fi í sí f/16, kí ẹ ya ògiri funfun, eruku orí sẹ́ńsọ̀ á hàn. Ẹ ki wáyà HDMI bọ̀ ọ́, ẹ mì ín díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá àwòrán á máa já.

Ẹ wo èdè inú rẹ̀. Kámẹ́rà Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà Japan sábà máa ń jẹ́ èdè Japan nìkan, kò sì ní yí padà. Owó rẹ̀ máa ń rọjú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í síwájú èèyàn. Ó lè jẹ́ kámẹ́rà tó dáa, ṣùgbọ́n bí NEPA bá mú iná lọ ní aago méjì òru, tí ẹ ń wá ISO nínú èdè tí ẹ ò gbọ́, ẹ máa rántí mi.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kó máa yàwòrán lọ fún wákàtí kan gbáko nínú ooru ilé ìtajà náà. Bí ẹni tó ń tà á ò bá gbà, ẹ kúrò níbẹ̀. Àwọn kámẹ́rà àtijọ́ máa ń dá ara wọn dúró ní ìṣẹ́jú 29 àti àáyá 59, àwọn míì máa ń gbóná, wọ́n á sì kú. Ìwàásù àìsùn kì í parí ní ìṣẹ́jú 29. Ibi tí ẹ ti ń dán an wò náà, ẹ wo bí fókọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń wá ohun tó máa mú ṣe kedere, ṣe ń ṣe lókùnkùn. Kámẹ́rà tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lo phase detection máa ń mú ojú èèyàn kíá. Èyí tó ń lo contrast nìkan á máa lọ síwájú lọ sẹ́yìn bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Iná kékeré tí ẹ máa gbé dání

Owó LED alápá kékeré kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń kéré gan-an sí owó kámẹ́rà, ó sì lè sọ ISO 12800 di 3200. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ èèyàn ní ìdajì, ìmọ́lẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má so ó mọ́ orí kámẹ́rà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo kọjú rẹ̀ sí àwọn àgbà tó jókòó níwájú. Bàbá kan gbé abẹ̀bẹ̀ bojú, ó ní, "Ọmọ yìí, pa iná ọlọ́pàá yìí lójú mi." Látìgbà náà, òkè ni mo máa ń kọjú rẹ̀ sí, sí abẹ́ kánópì funfun tàbí ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ bá ibẹ̀ kó tó rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí kánópì bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ẹ fi aṣọ funfun kan há a. Ìyá olóúnjẹ kò ní ṣàìní aṣọ tábìlì kan tó kù.

Bí èèrà díẹ̀ bá ṣì kù, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Neat Video lè lé e, DaVinci Resolve náà lè lé e, ṣùgbọ́n nínú Studio tí wọ́n ń san owó fún ni ohun èlò ìyẹn wà, kò sí nínú ti ọ̀fẹ́. Ẹ lò ó díẹ̀. Bí ẹ bá lò ó jù, ojú èèyàn á dán bíi ti bèbí oníke.

Bí mo ṣe máa ń to kámẹ́rà mi kí n tó kúrò nílé lọ síbi iṣẹ́ òru rèé: 4K, àwòrán 25, shutter 1/50, ojú lẹ́ǹsì f/2, ISO 3200 kí n tó mọ bí ibẹ̀ ṣe rí, white balance 3200, zebra 50. Ní 100 Mbps, ìyẹn bí fídíò ṣe ń yára wọ káàdì, wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi 45GB, nítorí náà káàdì 128GB méjì tí wọ́n kọ V30 sí, àmì pé ó yára tó fún fídíò. Bátìrì mẹ́ta tó ti kún. Àti àtùpà oníbátìrì kan, torí mi ò gbára lé jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.